Spironolactone, finasteride àbí bicalutamide? Bí obìnrin ṣe lè yan oògùn tó ń dènà họ́mọ̀nù akọ nítorí irun

Ìbéèrè tí obìnrin tí irun rẹ̀ ń fọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Èwo ló lágbára jù nínú àwọn oògùn yìí?" Mo mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó ń rí awọ orí ara rẹ̀ nínú dígí láràárọ̀ kì í ní sùúrù fún ọ̀rọ̀ gígùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣíwájú: bí mo bá dá oògùn yìí dúró lónìí, ìgbà wo ni yóò kúrò lára mi? Òmíràn á ti lọ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Òmíràn á ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí ẹ ti ju páálí rẹ̀ nù. Ọkùnrin lè fojú fo ìyàtọ̀ yẹn. Obìnrin tó ṣì lè lóyún kò gbọ́dọ̀ fojú fò ó.

Oògùn márùn-ún ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò: spironolactone, finasteride, dutasteride, cyproterone àti bicalutamide. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí fún irun obìnrin. Minoxidil tí a ń fi pa orí ni àjọ náà fọwọ́ sí fún un. Èyí kò sọ àwọn yòókù di oògùn ayédèrú, kò sì lòdì sófin kí dókítà kọ wọ́n fún obìnrin. Àmọ́ bébà inú páálí kò ní sọ ìwọ̀n tí obìnrin yóò lò nítorí irun, nítorí pé àìsàn mìíràn ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe oògùn náà. Ìwọ̀n tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni èyí tí àwọn dókítà awọ ara máa ń lò, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó bi wọ́n, kí ẹ sì lè dá a mọ̀ bí ẹnì kan bá fẹ́ fún yín ní àfúnjù. Kò wà fún ẹni tó fẹ́ dá wọn oògùn fúnra rẹ̀ nínú yàrá.

Ṣé irun họ́mọ̀nù ni?

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ríran. Bí irun bá ń re lọ́wọ́ọ̀wọ́ ní oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ, lẹ́yìn ibà líle, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tàbí lẹ́yìn tí ẹ gé oúnjẹ kù lójijì kí ẹ lè fọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ irun ló wọ àkókò ìsinmi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò padà hù fúnra rẹ̀. Oògùn tó ń dènà họ́mọ̀nù akọ kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ti họ́mọ̀nù kì í yára bẹ́ẹ̀. Ìlà àárín orí á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àtàrí á máa fọ́n, ṣùgbọ́n irun iwájú orí á ṣì dúró. Ní 1977 ni Ludwig, dókítà ará Jámánì, pín in sí ipele mẹ́ta, wọ́n sì ń lo ìpín náà títí di òní. Ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ 5-alpha reductase ló ń sọ testosterone, tó jẹ́ họ́mọ̀nù akọ, di DHT, họ́mọ̀nù akọ mìíràn tó lágbára jù ú lọ. DHT ni ó ń so mọ́ gbòǹgbò irun, tí irun fi ń hù ní tínínrín sí i ní gbogbo ìgbà tó bá tún hù. Ohun tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé ìwọ̀n họ́mọ̀nù akọ nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin yìí kò ga rárá. Ẹ̀jẹ̀ kò ṣẹ̀. Gbòǹgbò irun ni ọ̀rọ̀ họ́mọ̀nù náà tètè ń ká lára ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà, bí àyẹ̀wò bá jáde dáadáa, kì í ṣe pé irọ́ ni ohun tí ẹ ń rí lórí yín.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù ni àìsàn tí wọ́n ń pè ní CCCA, tó wọ́pọ̀ láàrin àwọn obìnrin tó jẹ́ ìran ènìyàn dúdú. Àárín orí lòun náà ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì rọrùn láti pè é ní ti họ́mọ̀nù. Ṣùgbọ́n àpá ló ń fi sílẹ̀: ojú ibẹ̀ á máa dán, ó lè máa yún tàbí kó máa ta ènìyàn, ihò irun á sì dí pátápátá. Ẹni tó bá fi ọdún kan mu spironolactone fún CCCA ti fi ọdún kan tí kò ní padà ṣòfò. Bí irun etí àti iwájú orí ló ń lọ, tí ẹ sì ti ń fi ọdún pípẹ́ di irun tó le, ẹ kọ́kọ́ tú irun náà ná.

Kí dókítà tó kọ oògùn, ó yẹ kó yẹ ferritin wò, ìyẹn àkójọ èròjà irin inú ara, àti táírọ́ìdì. Bí nǹkan oṣù bá ń ṣe ségesège, tí irùngbọ̀n ń hù, tí rorẹ́ sì pọ̀, ó yẹ kí wọ́n yẹ họ́mọ̀nù akọ náà wò. Bí gbogbo èyí bá sì dé láàrin oṣù díẹ̀, tí ohùn ń wúwo, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn: ó lè jẹ́ kókó kan ló ń tú họ́mọ̀nù náà jáde.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Èkíní ni bó ṣe ń pẹ́ tó kí oògùn tó kúrò lára. Gbogbo oògùn márààrún ló léwu fún ọmọkùnrin inú oyún, nítorí họ́mọ̀nù akọ ni ara ọmọ náà fi ń ṣẹ̀dá nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kejì sí ìkẹta, ìgbà tí ìyá lè má tíì mọ̀ pé òun lóyún. Èkejì ni ẹ̀yà ara tí ẹrù oògùn ń bọ́ sí lórí: kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, ọpọlọ tàbí ọkàn. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ìwádìí fi hàn nínú ara obìnrin gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pariwo nípa wọn ló wá láti ara ọkùnrin. Lẹ́yìn náà ni owó. Ẹ má gbàgbé pé àyẹ̀wò wà nínú owó oògùn: hóró tó pọ́ọ́kú lè di ohun ọ̀wọ́n bí wọ́n bá ń fa ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù.

N kò ka agbára mọ́ ọn. Kò sí ìwádìí ńlá kan tó kó gbogbo wọn jọ sójú kan láti mọ èyí tó ju èkejì lọ nínú obìnrin.

Spironolactone: èyí tí mo fi ṣíwájú

Oògùn tó ń mú ni tọ̀ ni. Láti ọdún 1960 ni FDA ti fọwọ́ sí i, wọ́n sì ń lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru, fún ọkàn tó rẹ̀, àti fún omi tó kó sí ara. Ó máa ń dí ojú ibi tí DHT yẹ kó so mọ́ lára gbòǹgbò irun. Bí DHT bá dé, á bá ẹlòmíràn lórí àpótí.

Ìwọ̀n rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 25 mg tàbí 50 mg lójúmọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ara bá gbà á, wọ́n á gbé e lọ sí 100 mg. Òmíràn máa ń dé 200 mg, ibẹ̀ ni òpin. Ní tèmi, ẹni tó bá ti dé 100 mg yẹ kó dúró níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà kó tó ronú àtigòkè, torí bí ìwọ̀n bá ti ń ga ni nǹkan oṣù ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá léraléra tàbí kó pa ọjọ́ jẹ, tí ọmú á sì máa dun ènìyàn. Ẹ mu ún láàárọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ. Oúnjẹ ń jẹ́ kí ara gbà á dáadáa, àárọ̀ sì ni kí ìtọ̀ má bàa máa jí yín lóru. Òòyì lè kọ́ ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ bó bá dìde lójijì.

Ìwádìí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nípa rẹ̀ jáde ní 2005, lọ́wọ́ Sinclair, dókítà awọ ara, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà. Obìnrin 80 ni wọ́n tọ́jú. Ìdajì lo spironolactone 200 mg, ìdajì kejì lo cyproterone. Nígbà tí wọ́n kó fọ́tò wọn jọ, irun 35 nínú wọn ti pọ̀ sí i, ti 35 mìíràn dúró síbi tó wà, ti 10 ṣì ń fọ́n lọ. Kò sí ìyàtọ̀ pàtàkì láàrin oògùn méjèèjì. Ẹ fara balẹ̀ wo iye yẹn. Kò tó ìdajì tó rí irun tuntun. Ṣùgbọ́n àìsàn tó jẹ́ pé iwájú ló máa ń lọ ni, nítorí náà ẹni tí tirẹ̀ dúró lójú kan ti rí èrè. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèlérí fún yín pé irun ọmọ ọdún méjìdínlógún ló ń padà bọ̀, ẹ kúrò níwájú onítọ̀hún. Àléébù ìwádìí náà ni pé kò sí àwọn tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní oògùn nínú láti fi wé àwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ pọtásíọ̀mù ló ń dẹ́rù ba ènìyàn jù. Òótọ́ ni pé spironolactone kì í jẹ́ kí pọtásíọ̀mù bá ìtọ̀ jáde bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ ni pọtásíọ̀mù tó pọ̀ jù lè da lílù ọkàn rú. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tó jáde ní 2015 lórí àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ara wọn le, tí wọ́n ń lò ó nítorí rorẹ́, fi hàn pé pọtásíọ̀mù wọn kò ga ju ti ẹni tí kò lò ó lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ dókítà kò ti fa ẹ̀jẹ̀ irú wọn léraléra mọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn ni ẹni tó ti kọjá ọdún 45, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àti ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril tàbí losartan. Àwọn wọ̀nyí gbọ́dọ̀ yẹ pọtásíọ̀mù àti kíndìnrín wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò láàrin oṣù kan, àti nígbà tí ìwọ̀n bá yí padà.

Àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ. Co-trimoxazole tí wọ́n ń lò fún kòkòrò ojú ìtọ̀ máa ń gbé pọtásíọ̀mù sókè, ó sì léwu bó bá bá spironolactone pàdé. Iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru pé kò ní sódíọ̀mù púpọ̀, pọtásíọ̀mù ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Hóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní drospirenone nínú jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú spironolactone, ó yẹ kí dókítà mọ̀ pé ẹ ń lò ó. Bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá dé tí ara gbẹ, ẹ dá oògùn náà dúró títí ara yóò fi padà sípò, kí ẹ sì pe dókítà.

Kí ló wá dé tí mo fi fi í ṣíwájú? Nítorí pé kì í pẹ́ lára. Láàrin ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún lẹ́yìn hóró ìkẹyìn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn dókítà ṣì máa ń ní kí obìnrin fi oṣù kan sílẹ̀ kó tó gbìyànjú oyún, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó dájú ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, àṣìṣe tí a lè tètè dá dúró ni. Ó tún jẹ́ oògùn àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń ṣe, kò wọ́n. Ní ti jẹjẹrẹ tí àwọn kan ń sọ, ara eku tí wọ́n fún ní ìwọ̀n gọbọi ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ìwádìí ńlá tó jáde ní 2012 lórí àwọn obìnrin tó ti kọjá ọdún 55 ní Gẹ̀ẹ́sì kò rí i pé jẹjẹrẹ ọmú pọ̀ sí i lára àwọn tó ń lò ó.

Finasteride: ìwọ̀n ọkùnrin kọ́ ni ti obìnrin

Finasteride kò dí ojú ibì kan. Ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe DHT gan-an ló ń dá dúró. 5 mg rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní 1992 fún pírósítéètì tó wú. Ní 1997 ni 1 mg tẹ̀lé e fún irun ọkùnrin.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń fi owó ṣòfò. Wọ́n á rí 1 mg tí ọkọ tàbí àbúrò wọn ọkùnrin ń lò, wọ́n á ní kí àwọn náà bá a dá sí i. Ní 2000, ìwádìí kan fún obìnrin 137 tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ní 1 mg náà tàbí hóró òfìfo fún ọdún kan gbáko. Kò sí ìyàtọ̀. Ìwádìí kékeré kan tún jáde ní 2006: obìnrin 37 tó ṣì ń rí nǹkan oṣù lo 2.5 mg pẹ̀lú hóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí, irun 23 nínú wọn sì dára sí i. Ṣùgbọ́n kò sí àwọn tí wọ́n fi wé wọn, hóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí wọ́n lò sì ní drospirenone, tó ń dènà họ́mọ̀nù akọ fúnra rẹ̀. Ta ló wá ṣe iṣẹ́ náà? Bí dókítà bá máa kọ finasteride fún obìnrin lónìí, 2.5 mg sí 5 mg ló sábà máa ń jẹ́, ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró ni wọ́n sì máa ń kọ ọ́ fún jù.

Kì í kan kíndìnrín tàbí pọtásíọ̀mù, kì í gbé ìfúnpá wálẹ̀, kò sì béèrè àyẹ̀wò púpọ̀. Ìyẹn ló mú kó wu ìyá àgbà tó ti ń lo losartan. Ohun tó yẹ kí a máa ṣọ́ ni ọkàn àti èrò. Ó lè dín ìfẹ́ ìbálòpọ̀ kù, ó sì lè mú kí ọkàn rẹ̀wẹ̀sì. Ní 2025, àjọ oògùn ilẹ̀ Yúróòpù fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé èrò àtipa ara ẹni wà lára ohun tí hóró finasteride lè fà. Ẹni tó ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn rí gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó gba ìwé oògùn, kí ẹnì kan nínú ilé sì mọ̀ pé ó ń lò ó.

Ó tètè ń jáde lára, láàrin ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ oṣù kan náà ni wọ́n ní kí a fi sílẹ̀ kí a tó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ tàbí kí a tó gbìyànjú oyún. Ohun kan tún wà nípa bíbu hóró 5 mg sí méjì, tí àwọn ènìyàn máa ń ṣe: ìda ara hóró náà ni kì í jẹ́ kí oògùn kan ọwọ́. Bó bá ti fọ́, aboyún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, títí kan ọmọbìnrin ilé tó ń bá yín tún tábìlì ṣe.

Dutasteride: àlejò tí kì í tètè lọ

Irú ẹ́ńsáìmù yẹn méjì ló wà, finasteride ń dá ọ̀kan dúró, dutasteride ń dá méjèèjì. Ó ń mú DHT inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nígbà tí ti finasteride jẹ́ nǹkan bí 70. Kòríà Gúúsù àti Japan fọwọ́ sí i fún irun ọkùnrin. Nínú obìnrin, ìwádìí rẹ̀ kéré, ó sì fọ́n ká. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ni 0.5 mg, lójoojúmọ́ tàbí ní ìgbà mélòó kan lọ́sẹ̀.

Níbi tí ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ti ń ké jù nìyí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ìdajì rẹ̀ fi ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún mìíràn, ìdajì ìyókù. Wọ́n ṣì lè rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ní oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn kápúsù ìkẹyìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹni tó ń lò ó dúró oṣù mẹ́fà kó tó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Fún obìnrin tó lè lóyún, n kò rí ìdí kankan tó fi yẹ. Awọ ara lè fà á mu bí kápúsù bá jò, nítorí náà ẹ kò gbọdọ̀ gé e tàbí tú u sínú omi ìpara. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró tipẹ́, tí finasteride 5 mg kò ṣe nǹkan kan fún lẹ́yìn ọdún kan, òun ni ó lè bi dókítà nípa rẹ̀.

Cyproterone: ẹ ka iye ọdún

Wọn kì í tà á ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó wà ní Yúróòpù, ní Ọsirélíà àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn. Ọ̀nà méjì ló ń gbà dé ọwọ́ obìnrin. Àkọ́kọ́ ni 2 mg tí wọ́n pò mọ́ ethinylestradiol, ìyẹn họ́mọ̀nù abo, nínú hóró kan ṣoṣo. Èkejì ni hóró ńlá, 25 mg sí 100 mg, tí wọ́n sábà máa ń mu fún ọjọ́ mẹ́wàá nínú oṣù pẹ̀lú oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí.

Ìwádìí kan ní 2002 fi í wé minoxidil 2% fún ọdún kan, èsì rẹ̀ sì là mí lójú. Lápapọ̀, minoxidil ló ṣe dáadáa jù. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí nǹkan oṣù wọn ń ṣe ségesège, tí awọ orí wọn kún fún ọ̀rá, tí wọ́n sì sanra, cyproterone ló borí. Bí ara yín kò bá fi àmì kankan hàn pé họ́mọ̀nù akọ pọ̀, kò sí ìdí tí ẹ ó fi gbé ewu rẹ̀ rù.

Ewu náà kò kéré. Ní 2020, àjọ oògùn ilẹ̀ Yúróòpù ká ọwọ́ rẹ̀ kò nítorí kókó tó ń hù lára awọ tó bo ọpọlọ, èyí tí wọ́n ń pè ní meningioma. Bí àpapọ̀ ohun tí ènìyàn ti mu láti ìbẹ̀rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ewu náà ń pọ̀ sí. Wọ́n ní ìwọ̀n tó bá tó 10 mg lọ sókè kò gbọ́dọ̀ jẹ́ fún irun àfi bí gbogbo ọ̀nà mìíràn bá ti kùnà. Ẹni tó bá ti ń lò ó fún ọdún pípẹ́, tí orí fífọ́ tàbí ìríran rẹ̀ bá yí padà, dókítà ló yẹ kó sáré lọ bá. Èyí tó ní ethinylestradiol nínú lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì: ẹni tó ń mu sìgá tó ti kọjá ọdún 35, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dì rí, àti ẹni tí orí fífọ́ rẹ̀ máa ń bá ìmọ́lẹ̀ kíkọ mànà lójú wá, kí wọ́n jìnnà sí i.

Bicalutamide: tuntun lẹ́nu, àgbà lọ́jọ́ orí

Láti 1995 ni wọ́n ti ń lò ó fún jẹjẹrẹ pírósítéètì, ní 50 mg tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́nu ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni àwọn dókítà irun bẹ̀rẹ̀ sí í fún obìnrin ní 10 mg sí 50 mg, àgàgà ẹni tí spironolactone kò bá lára mu. Bíi spironolactone, ojú ibi tí DHT ń so mọ́ ló ń dí. Kò kan pọtásíọ̀mù, kì í mú ni tọ̀, kì í gbé ìfúnpá wálẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ ni ẹrù rẹ̀ ń bọ́ sí lórí. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yẹ ẹ̀dọ̀ wò; kí ẹ tún un yẹ̀ wò léraléra ní oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, torí àkókò yẹn ni wàhálà sábà máa ń yọjú. Bí ẹyin ojú bá di yẹ́lò, tí ìtọ̀ dúdú, tí ara ń yún, tàbí tí abẹ́ ìhà ọ̀tún ń dun yín, ẹ dá a dúró lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, nítorí bicalutamide lè mú agbára warfarin ga. Ìdajì rẹ̀ ń fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà jáde lára, nítorí náà ẹ ka oṣù kan àti díẹ̀ kó tó tán. Ìwádìí tó wà nípa irun jẹ́ èyí tí dókítà padà lọ ka nínú fáìlì àwọn aláìsàn rẹ̀. Ó fúnni nírètí, kò tíì dájú. Owó àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ sì lè ju owó hóró lọ.

Flutamide jẹ́ ẹbí rẹ̀ àgbà. Ó ti ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́ débi ikú. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ ọ́ fún yín nítorí irun, ẹ wá dókítà mìíràn.

Minoxidil ńkọ́?

Kì í ṣe oògùn tó ń dènà họ́mọ̀nù, ṣùgbọ́n mo máa ń fi í sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí. Àwọn ń dáwọ́ ìfọ́n dúró, òun ń ti irun hù. Ní 2018, Sinclair kan náà fún obìnrin 100 ní hóró tó ní minoxidil 0.25 mg àti spironolactone 25 mg, ìwọ̀n tó kéré gan-an, irun wọn sì dára sí i. Mo fẹ́ràn èrò yẹn: ìwọ̀n kékeré méjì dípò ìwọ̀n ńlá kan. Ẹ má kàn bẹ̀rẹ̀ méjèèjì lọ́sẹ̀ kan náà, kí ẹ lè mọ èyí tó ń kọ́ yín lóòyì. Minoxidil tún lè mú kí irun re sí i ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, àwọn kan á sì sá fún un níbẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, oṣù mẹ́fà ni ìdájọ́ àkọ́kọ́, ọdún kan ni ìdájọ́ gidi.

Ta ni yóò mú èwo?

Ẹ̀yin tí ẹ wà láàrin ogún ọdún sí ogójì, tí kíndìnrín yín dá, tí ẹ sì ní ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó dájú: spironolactone, láti 25 mg tàbí 50 mg lọ sí 100 mg, pẹ̀lú minoxidil ìpara. Bí rorẹ́ àti irùngbọ̀n bá wà níbẹ̀, oògùn kan náà yóò bá a wí. Bí ìfúnpá yín bá máa ń lọ sílẹ̀ débi pé ẹ kò lè mu ún, bicalutamide ni ẹ ó bi dókítà, bí ẹ̀dọ̀ yín bá dá, tí ẹ sì rí owó àti àyè fún àyẹ̀wò.

Ẹ̀yin ìyá tí nǹkan oṣù yín ti dúró, tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru: finasteride 2.5 mg sí 5 mg ló fúyẹ́ jù fún yín, àyàfi bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá ti bá yín jà rí. Bó bá kùnà lẹ́yìn ọdún kan, dutasteride wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín nínú yín lè lo spironolactone, kó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ẹni tó ní àmì họ́mọ̀nù akọ púpọ̀, tó sì ń wá ìfètò-sọ́mọ-bíbí lọ́nàkọnà, lè bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa hóró cyproterone 2 mg, kó mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó sì mọ ọjọ́ tí yóò dá a dúró. Hóró ńlá rẹ̀, n kò ní yàn án fún àbúrò mi nítorí irun.

Ẹni tó ń gbìyànjú láti lóyún báyìí, tàbí tó ti lóyún, kò ní mú ìkankan nínú wọn, kò sì ní fi minoxidil pa orí náà. Kó ya fọ́tò ìlà àárín orí rẹ̀ níbi kan náà, lábẹ́ iná kan náà, lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, kó tọ́jú ferritin rẹ̀, kó sì mọ̀ pé irun yóò re díẹ̀ sí i lẹ́yìn ìbímọ, èyí tí kì í ṣe ti họ́mọ̀nù akọ. Bó bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, kó kó àwọn fọ́tò náà lọ bá dókítà.